Ṣé igi fir tó máa ń ga fíofío yẹn lè hù ní Àkúrẹ́?

Ìyá Ìbejì Ọba-Ilé:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ ọgbà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Victoria ní Kánádà lọ́hùn-ún ló fi fọ́tò igi kan ránṣẹ́ sí mi, igi náà ga débi pé ó ní òun ní láti rìn jìnnà díẹ̀ kóun tó lè yà á dé ṣóńṣó, grand fir ni wọ́n ń pè é, ó ní ewé ẹ̀ kì í wọ́, tútù yọ̀yọ̀ ló máa ń wà láti January dé December, kódà tí yìnyín bá bò ó. Mo ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ọba-Ilé tí mo ń tún ṣe fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìbí àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ó wá ń wù mí kí n to igi yìí sọ́tùn-ún sósì láti gétì wọlé, tó bá di Kérésì a kàn máa so iná mọ́ ọn ni. Àbúrò mi ní òun lè ṣa èso ẹ̀ kóun kó o dání tóun bá ń bọ̀ nílé.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé ó lè hù níbí? Irú ilẹ̀ wo ló fẹ́? Báwo ló ṣe máa ń ga tó gan-an, torí mi ò fẹ́ igi tó máa wó lu tẹ́ǹtì olówó mi? Ọdún mélòó kó tó ga dáadáa? Igi masquerade ni gbogbo èèyàn ń gbìn ní Àkúrẹ́ yìí, ó ti sú mi jàre. Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dákun là mí lóye, ẹ má bínú pé ìbéèrè mi pọ̀.

Ọlọ́gbà Alágbàká:
Mọ́mì ẹ kú ilé ma. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú Kánádà kankan, igi Kérésì tí ẹ ń wí yẹn ń bẹ níwájú mi níbí báyìí, kékeré ń bẹ, èyí tó ga ju èèyàn lọ ń bẹ. Fir náà nìyẹn. Àwọn ọ̀gá tó ń kọ́lé ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ẹ kàn yọjú ma.

Dépò_erékùṣù:
Mo kí yín ma. Ìtòsí ibi tí àbúrò yín wà lèmi náà wà, iṣẹ́ igbó ni mo ń ṣe níbí, FUTA ni mo ti kọ́ ọ kí n tó wá, igi yìí mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Abies grandis lorúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Ẹ̀bá òkun apá ibí ló ti jẹ́ ọmọ onílẹ̀, láti British Columbia lọ sí Washington àti Oregon títí wọ àríwá California, ó tún wà lápá Idaho àti Montana tó jìnnà sí òkun. Ti ẹ̀bá òkun ló máa ń ga jù, 40 sí 70 mítà kì í ṣe nǹkan ìyanu, àwọn kan tiẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé alájà bí 20 ló ń jẹ́ 70 mítà, kò sí ilé tó ga tó o ní Àkúrẹ́. Tí ilẹ̀ bá bá a lára mu ó lè fi bíi mítà kan ga láàárín ọdún kan, àmọ́ ní kékeré ó máa ń lọ́ra, gbòǹgbò ló máa ń kọ́kọ́ kọjú mọ́, ẹ máa rò pé kò ṣe nǹkan kan ni. Tó bá gbádùn ilẹ̀ ẹ̀ ó lè lo 250 ọdún.

Tí ẹ bá mú ẹ̀ka ẹ̀ kan dání, ewé ẹ̀ pẹlẹbẹ, kì í gún èèyàn, kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 sí 6 lọ, ó tò sọ́tùn-ún sósì ẹ̀ka bíi eyín kóòmù, ọ̀kan gùn ọ̀kan kúrú. Òkè ewé ń dán, ó dúdú minimini, tí ẹ bá yí i padà ẹ máa rí ìlà funfun méjì tó lọ gbọọrọ, ibẹ̀ lewé ti ń mí. Ẹ wá rún un láàárín ìka yín, òórùn ọsàn ló máa jáde, ọsàn gan-an, èyí ni mo fi ń dá a mọ̀ tí mo bá wà nínú igbó tí ojú ò ríran dáadáa. Èèpo ẹ̀ ní kékeré náà ń dán, ó ní ìléròrò wẹ́wẹ́ tí oje kún inú ẹ̀, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ o, ó máa ta sí yín lójú.

Ti èso tí àbúrò yín fẹ́ ṣà yẹn, kò lè rọrùn tó bó ṣe rò. Kóònù ẹ̀, ìyẹn èso tó kó irúgbìn sínú, kì í rọ̀ sísàlẹ̀, ńṣe ló máa ń nàró lórí ẹ̀ka, òkè téńté ló sì máa ń wà. Tó bá ti gbó, nǹkan bíi September sí October, orí igi níbẹ̀ náà ló ti máa tú ká, irúgbìn tó ní ìyẹ́ á bá afẹ́fẹ́ lọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àárín ẹ̀ nìkan ló máa kù tó dúró sókè. Nítorí náà kóònù odindi tó bá bá nílẹ̀, àyàfi tó bá jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló gé e jù sílẹ̀, ti Douglas-fir ló máa jẹ́, ọ̀tọ̀ nìyẹn, tiẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ ó sì máa ń já bọ́ lódindi. Irọ́ pọ̀ níbẹ̀ o, mo ti rí ẹni tó kó Douglas-fir lọ sílé pé fir ni.

Ewé tí kì í wọ́ yẹn náà, kì í ṣe pé ewé kan náà ló ń wà títí ayé. Ewé kọ̀ọ̀kan máa lo ọdún bíi mélòó kan kó tó já, àwọn tuntun ti jáde kí àwọn àgbà tó lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi ní bá a ní ìhòòhò láé. Àràbà tiwa ń wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn torí omi wọ́n, àwọn igi tó ń wọ́wé níbí, òtútù ló ń lé wọn. Fir ò bá wọn ṣe é torí pé òjò ti ibí, ìgbà òtútù ló ń rọ̀, láti October títí wọ March, òtútù ẹ̀bá òkun ò sì le jù, nígbà tí oòrùn bá wá dé ní July àti August ilẹ̀ ti gbẹ. Igi tó bá ti gbọn ewé ẹ̀ dànù ní October, gbogbo omi yẹn ti kọjá lórí ẹ̀ nìyẹn. Fir máa ń fi ewé ẹ̀ se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí omi fi wà. Ẹ wá wo tiyín, April sí October lòjò yín, ìgbà ooru ni, ìgbà tí ọyẹ́ bá dé ilẹ̀ ti gbẹ. Ńṣe ló dorí kodò pátápátá.

Ọ̀rọ̀ ooru wá ni olórí ẹ̀. Ọ̀sán July ní Victoria bíi 22 dígírì ni. Òru Àkúrẹ́ nìyẹn ma.

Bàbá Òkè Ìdànrè:
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ẹ máa ń tètè mú ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ìyá Ìbejì, tí Ọba-Ilé bá gbóná jù ẹ bá wa gbìn ín sí Ìdànrè. Ẹ gun àtẹ̀gùn wa yẹn dé orí òkè ní January láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé òtútù ò sí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Aṣọ méjì ni mo máa ń wọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí mo sìnrú ìlú ní Jos mo rí pine tó dúró gbagidi, ṣe òyìnbó ló ń wá bá wọn bomi rin ín ni? Ẹ dánwò ẹ má bẹ̀rù.

Igbó Olúwa:
Bàbá ẹ kú àárọ̀ sà, òkè yín ò ní wó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Téèyàn bá gun òkè 1,000 mítà, òtútù tó máa fi lé bíi dígírì 6 ni. Àkúrẹ́ wà ní nǹkan bíi 350 mítà sókè ju òkun lọ, ibi tó ga jù ní Ìdànrè ò tíì pé 1,000 mítà, ẹ yọ ọ́ kúrò, dígírì 3 sí 4 péré lẹ fi tutù jù wá lọ. Ẹ̀wù kejì tí ẹ ń wọ̀ yẹn nìyẹn sà. Ṣáà wò ó, igi tí ń retí kí omi dì níta láàárín òru, kí òtútù bẹ́ẹ̀ sì wà fún oṣù bíi mélòó kan, kò lè mọ̀ pé ọyẹ́ Ìdànrè dé.

Kì í kàn án ṣe pé ó fara da òtútù, ó NÍLÒ òtútù yẹn ni, ibi tó máa ń rú èèyàn lójú nìyẹn. Bí ojú ọjọ́ bá ti ń kúrú tí òru ń gùn sí i lọ́hùn-ún, igi á fi ìyẹn mọ̀ pé ó ti tó àsìkò, á dáwọ́ dúró, á di ọ̀mùnú ẹ̀ pa sínú ìpẹ́ pẹ̀lú oje, á sùn. Inú òtútù ló ti máa sùn títí, oorun náà gbọ́dọ̀ pé kí ọ̀mùnú tó lè là dáadáa ní ìrúwé. Ní Àkúrẹ́ ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba látọdún dé ọdún, kò sóhun tó máa sọ fún un pé kó lọ sùn, kò sì sí òtútù tó máa jí i. Ó máa hù o, mi ò sọ pé kò ní hù, á ga díẹ̀, ẹ máa ya fọ́tò ẹ̀ fún àbúrò yín, lẹ́yìn náà á kàn dúró sójú kan, ọ̀mùnú ò ní là, tàbí kó là lápá kan kó má là lápá kejì, òru wa tó gbóná á tún máa mú kó jẹ oúnjẹ tó ti se lọ́sàn-án tán. Bó ṣe máa rù lọ nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé torí pé igi òyìnbó ni. Fir wà ní Áfíríkà yìí kan náà. Ó wà ní Morocco lórí òkè Rif, ó wà ní Algeria lórí òkè Babor, ìdílé Abies gidi ni wọ́n, àmọ́ yìnyín ń já níbẹ̀. Ẹ tún lọ sí Guatemala, ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, wọ́n ní fir tiwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀ka ẹ̀ ṣe Kérésì débi pé ìjọba ní láti dá wọn lẹ́kun, ṣùgbọ́n láti bíi 2,500 mítà lọ sókè ló pọ̀ sí. Chappal Waddi ní Taraba tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà ni. Ibi tó ga jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè wa ò tíì dé ibi tí ti Guatemala ti ń gbádùn ara ẹ̀. Pine tí bàbá rí ní Jos, pine ni, kì í ṣe fir, àwọn pine kan wà tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ olóoru, Pinus caribaea tí wọ́n gbé wá láti apá Karíbíà nìyẹn.

Mo tún fẹ́ fi ti ilẹ̀ kún un torí ẹ béèrè ẹ̀ ma. Ilẹ̀ tó jìn ló fẹ́, tó ń di ọ̀rinrin mú àmọ́ tí omi kì í dá sí, tó ní àsíìdì díẹ̀. Ìyẹn ò nira, èèyàn lè rí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lápá Owénà. Ohun tí ń bẹ nínú ilẹ̀ ló kù. Àwọn igi wọ̀nyí, irú olú kan ló máa ń gbé mọ́ gbòǹgbò wọn tó ń bá wọn fa omi àti oúnjẹ, igi náà ń fún olú ní ṣúgà. Olú yẹn ò sí nínú ilẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé pine wá sí ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ńṣe lọmọ igi kàn ń pọ́n, kò dàgbà, àfìgbà tí wọ́n bu ilẹ̀ abẹ́ pine àgbà láti ibòmíràn wá dà sí i ló tó gbéra. Èyí tó wá wà nínú ilẹ̀ wa ni ọ̀tá ẹ̀. Àrùn tí ń sọ kòkó wa di dúdú lójò yẹn, Phytophthora, mọ̀lẹ́bí ẹ̀ ló ń jẹ gbòǹgbò fir nínú oko Kérésì àwọn òyìnbó tí ilẹ̀ bá ti gbóná tómi sì dá sí i. Ẹ ẹ̀ rí i pé ilé ọ̀tá lẹ fẹ́ mú un wá.

Ìyá Ìbejì Ọba-Ilé:
Háà! Ẹ̀yin ọmọ yìí ẹ kàwé o. Ó dùn mí ṣùgbọ́n ó yé mi. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn, ṣebí àbúrò mi yìí kan náà ló pè mí nínú ọdún 2021 pé ooru fẹ́ pa àwọn, pé ó wọ 40 lọ lápá ibìkan, a jọ rẹ́rìn-ín pé kó wá sílé wá gba atẹ́gùn. Tí fir bá yè nínú ìyẹn, ṣé ti Àkúrẹ́ ló máa wá pa á? Àkúrẹ́ ò dé 40 kẹ̀.

Dépò_erékùṣù:
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ bi yẹn ma. Ìparí June 2021 ni, ìlú kan tó ń jẹ́ Lytton ní British Columbia yìí dé 49.6 dígírì ní ọjọ́ 29, kò tíì sí irú ẹ̀ rí ní Kánádà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sáwọn igi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní ewé bí abẹ́rẹ́ pọ́n lápá kan, apá tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán, ẹni bá rí i á rò pé èèyàn ló fi iná jó o. Èyí tí ewé kan jóná lórí ẹ̀ tún rú ewé lọ́dún kejì. Ooru ọjọ́ bíi mélòó kan nìyẹn, ó dé, ó lọ, òtútù padà wá bá wọn ní ìgbà tó yẹ. Igi lè fara da ìyà díẹ̀. Tiyín ò ní fọwọ́ kan 40 láé, àmọ́ kò ní sinmi náà, òru ò tutù, ọdún ò yí padà. Ohun tó ń pa á nìyẹn, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú, èèyàn á máa tan ara ẹ̀ jẹ pé ó ń bọ̀ wá dáa.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé kò sí adánù ńlá níbẹ̀. Pákó fir yìí fúyẹ́, ó funfun, bébà àti páálí àti pákó àtẹ̀mọ́ra ni wọ́n ń fi ṣe, tí òjò bá ń pa á níta kíá ló máa jẹrà, ẹ ò lè fi wé ìrókò tàbí apá. Àgbà ẹ̀ tó bá ti ní egbò lára, olú máa ń jẹ ẹ́ láti inú, ẹ máa rí i tó dúró gbandi lóde, inú ti di ihò. Àwa tí a ń rìn nínú igbó ń bẹ̀rù ẹ̀ lọ́jọ́ ìjì.

Tíṣà Yaba, Oǹdó:
Ẹ kú ìjókòó gbogbo ilé. Èmi kì í gbin igi o, báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, ó wù mí kí àwọn ọmọ kíláàsì mi rí i bó ṣe ń hù, kó tiẹ̀ kú lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́ ṣáà ni. Bọ̀dá Dépò, báwo lèèyàn ṣe ń gbin irúgbìn ẹ̀? Ṣé a kàn máa rì í mọ́lẹ̀ bíi àgbàdo ni?

Dépò_erékùṣù:
Rárá o, tíṣà. Tí ẹ bá kàn rì í mọ́lẹ̀ ẹ lè dúró títí. Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì, ẹ ro omi ẹ̀ dànù, ẹ wá pò ó mọ́ yanrìn tó lọ́rinrin díẹ̀, kó má rin gbingbin, ẹ gbé e sínú ọ̀rá, ẹ kó o sínú fíríìjì, ìsàlẹ̀ níbi tí ẹ ń kó tòmátì sí, kì í ṣe inú fírísà. Bíi dígírì 1 sí 5 ló fẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Òtútù tí ì bá jẹ nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún lẹ fi ń tàn án pé ó ti jẹ yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹ kó o jáde, ẹ gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń gbin ọmọ kòkó, ẹ má rì í jìn, ẹ gbé e síbi òjìji, torí nínú igbó abẹ́ òjìji àwọn igi ńlá ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó máa dúró de ọjọ́ tí àgbà kan máa wó kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé fún un. Ẹ gbin púpọ̀ o, ọ̀pọ̀ irúgbìn ẹ̀ lófìfo, tí ìdajì bá hù ẹ dúpẹ́. Irúgbìn tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà, ẹ má ṣe wàhálà lórí ẹ̀.

Agbọ́tikúyọ̀:
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú fíríìjì ní Oǹdó? Fíríìjì ta ni? Ti èmi, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ìlẹ̀kùn ni, iná tí wọ́n bá mú wá lálẹ́ wọ́n á ti mú un lọ kílẹ̀ tó mọ́. Irúgbìn yẹn á sùn á jí, á sùn á jí, á wá béèrè pé oṣù wo la wà.

Tíṣà Yaba, Oǹdó:
😂😂 Ilé ẹ̀kọ́ ní sólà. Bọ̀dá Dépò ẹ ṣeun. Àwọn ọmọ máa pín in sí méjì, a máa kó ìdajì sí fíríìjì a ò ní kó ìdajì yòókù sí i, ká wo èyí tó máa kọ́kọ́ hù.

Igbó Olúwa:
Tíṣà, èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn dáa gan-an. Ṣùgbọ́n irúgbìn ò ṣe é fi sápò wọ orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ lásán o, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn NAQS tí ń ṣọ́ ohun ọ̀gbìn tó ń wọlé, wọ́n ní ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fúnni, kí wọ́n má lọ gbẹ́sẹ̀ lé e ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn kòkòrò àti àrùn tó dé ilẹ̀ wa tí kì í ṣe tiwa, inú ẹrù ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti wọlé. Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi sọ ọ́ fún àbúrò yín náà.

Tí ẹ bá tún lọ láàbù, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé oje fir kan, balsam fir ti apá ìlà oòrùn Kánádà, òun ni wọ́n fi lẹ díńgí sórí síláìdì tí wọ́n ń wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí tó bá gbẹ ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú ẹ̀ kọjá bíi pé díńgí náà ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gétì ìyá. Ọlọ́gbà Alágbàká, èyí tí o ní ó wà níwájú ẹ yẹn, ẹ̀ka ẹ̀ báwo?

Ọlọ́gbà Alágbàká:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ka ẹ̀ máa ń jáde ní àjà àjà, bíi márùn-ún á yọ lójú kan yí igi ká, á wá fi àyè sílẹ̀, òmíràn á tún yọ lókè. Ó rí gẹ́gẹ́ bíi Kérésì. Mo tún ní èyí tí ewé ẹ̀ pẹlẹbẹ tó dúró lóòró, tí wọ́n ń gé rọ́ńdọ́. Àti whistling pine, ìyẹn á tètè ga.

Igbó Olúwa:
Ẹ ṣeun àbúrò. Èyí àkọ́kọ́, Araucaria ni, erékùṣù Norfolk lápá Australia ló ti wá, kì í ṣe fir rárá, ewé ẹ̀ kò ní ìlà funfun méjì tí Dépò sọ, tí o bá rún un kò lè ní òórùn ọsàn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ooru tiwa, kò bèèrè òtútù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó máa tẹ́ ìyá lọ́rùn lójú. Ìṣòro ẹ̀ ni pé òun náà máa ń ga, ní ilẹ̀ ẹ̀ lọ́hùn-ún ó máa ń dé 50 mítà. Tí wọ́n bá rà á wọn ò gbọ́dọ̀ tò ó súnmọ́ra, kó kéré tán kó jìnnà síra bíi mítà mẹ́jọ, kó jìnnà sí tẹ́ǹtì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì gé orí ẹ̀ pé ó ń ga jù, tí ẹ bá gé orí ẹ̀ á yọ orí méjì tàbí mẹ́ta, ó bàjẹ́ nìyẹn, kò ní jọ nǹkan kan mọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni tuja, òun ló gba gígé, òun lèmi máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gétì tó bá jẹ́ tèmi. Whistling pine, mi ò gba ìyá nímọ̀ràn ẹ̀ níbi ìnáwó. Kì í tilẹ̀ ṣe pine, ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ lohun tẹ́ ẹ rò pé ewé ẹ̀ ni, ewé gidi ẹ̀ kéré débi pé ojú lásán ò tètè rí i. Ó dáa létí òkun torí iyọ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ gbogbo ìgbà ló ń da ẹ̀ka gbígbẹ sílẹ̀, koríko ò ní hù lábẹ́ ẹ̀, ẹ ó máa fi ọwọ̀ gbá a láti àárọ̀ di alẹ́.

Bàbá Òkè Ìdànrè:
Mo ṣì ń dúró de fir temi ní Ìdànrè o. Tíṣà, tí ẹ bá rí èyí tó hù ẹ fún mi ní ọ̀kan, kó wá kú sọ́wọ́ mi.

Tíṣà Yaba, Oǹdó:
Bàbá mo ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ sà.

Ìyá Ìbejì Ọba-Ilé:
Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín, Ọlọ́run á bù kún ìmọ̀ yín. Mo ti pe àbúrò mi, mo ní kó má kó èso kankan wá, ti tíṣà nìkan ni kó bá mi bèèrè ìwé àṣẹ ẹ̀. Ọlọ́gbà, tuja ni mo fẹ́ sọ́nà gétì, Araucaria méjì péré sí ẹ̀yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, èyí tó jìnnà sí tẹ́ǹtì. Ẹ sọ iye tí tuja tó ga dé èjìká jẹ́ fún mi, ẹ má pè é ní owó Kánádà o, a ti mọ ibi tó ti wá báyìí.

Ọlọ́gbà Alágbàká:
Ah mọ́mì 😂 owó Àkúrẹ́ ni ma. Ẹ wọn ọ̀nà gétì yẹn kẹ́ ẹ tó máa bọ̀, ká lè mọ iye tó máa gbà. Wáyà iná ńkọ́, ṣé ó gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì ẹ̀yìn yẹn kọjá? Torí Araucaria yẹn tó bá ga tán, àwọn oníná ò ní béèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gé orí ẹ̀.